Ẹ Bi Wá: «Dødsforagt», ọ̀rọ̀ àwọn ará Dẹ́nmárkì tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ikú

Lẹ́tà mẹ́rin la kó pọ̀ sójú kan lóṣù yìí torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń fà, látọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa tó wà ní Dẹ́nmárkì. A gé díẹ̀ kúrò níbi tó ti gùn jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Aarhus, mi ò tíì pẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan a wà níbi tá a ti ń mu kọfí, ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wá fún mi ní súìtì dúdú kan, ó ní saltlakrids ló ń jẹ́, gbogbo wọn wá dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Háà, ẹ̀yin èèyàn mi, iyọ̀ ni! Mi ò lè tu ú dànù lójú àwọn bàbá àti ìyá tó jókòó síbẹ̀, mo bá fipá gbé e mì. Ni obìnrin yẹn bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní "hun spiste den med dødsforagt". Mo délé mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ohun tó gbé jáde ni pé mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìkórìíra ikú. Ikú kẹ̀? Lórí súìtì? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èpè ló ṣẹ́ fún mi àbí ó ń bú mi ni? Látìgbà yẹn mi ò tíì bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. *(Òǹkàwé wa obìnrin, Aarhus)*

ÌDÁHÙN: Àǹtí wa, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ padà lọ bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀. Kò sí èpè kankan níbẹ̀. Ó ń yìn yín ni, ó kàn fi ẹ̀fẹ̀ sí i. Fóònù yín ló ṣì í túmọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Død ni ikú. Foragt ni kéèyàn fojú tẹ́ńbẹ́lú nǹkan, kó máa wò ó pé kò já mọ́ nǹkan kan lójú òun, ìyẹn sì yàtọ̀ sí ìkórìíra pátápátá, torí ohun tá a kórìíra ṣì lè máa bà wá lẹ́rù, àmọ́ ohun tá a bá ti fojú tẹ́ńbẹ́lú, ẹ̀rù ẹ̀ ti kúrò lára wa nìyẹn. Lẹ́tà s tó wà láàárín kàn so méjèèjì pọ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá wá pa á pọ̀, dødsforagt ni kéèyàn rí ikú níwájú kó máa wò ó bí ẹni tí ò tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àwọn nìkan ló ní in o, Todesverachtung làwọn ará Jámánì ń pe tiwọn, ti Nọ́wè ni dødsforakt, ti Swídìn ni dödsförakt, bákan náà ni wọ́n ṣe tò ó. Kódà foragt fúnra ẹ̀ wá láti èdè apá àríwá Jámánì, láyé ìgbà táwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò Jámánì tí wọ́n ń pè ní Hansa ń ná gbogbo etí òkun Baltic, tí ọ̀rọ̀ wọn rọ́ wọ èdè Dẹ́nmárkì débi pé lónìí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ mọ́ pé àlejò ni.

Nínú ìtàn ogun àti ìtàn àwọn akọni, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Lẹ́nu ojoojúmọ́ ńkọ́? Ẹ̀fẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹni tó bọ́ṣọ lóṣù January tó bẹ́ sínú òkun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di yìnyín (vinterbadning ni wọ́n ń pè é, àìmọye wọn ló ń ṣe é, wọ́n ní ó ń dára fún ara), med dødsforagt ló ṣe é. Gólì tó fojú ara ẹ̀ lé bàtà ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, med dødsforagt. Bàbá tó ti ń sá fún fọ́ọ̀mù owó orí látọjọ́ yìí tó wá jókòó tì í níkẹyìn, med dødsforagt. Ẹ ò ní sábà gbọ́ ọ kó dá rìn, "med" yẹn ló máa ń ṣáájú ẹ̀.

Súìtì tí wọ́n fún yín yẹn, iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́ ló wà nínú ẹ̀ o. Salmiak ni, ohun táwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní ammonium chloride. Láti kékeré lọmọ Dẹ́nmárkì ti ń jẹ ẹ́, àwọn ará Swídìn, Finland àti Netherlands náà fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n sì mọ̀ dáadáa pé àjèjì tó bá kọ́kọ́ fi kan ahọ́n, ojú ẹ̀ máa yí padà. Ìdí tí gbogbo wọn fi dákẹ́ tí wọ́n ń wò yín nìyẹn. Eré tí wọ́n máa ń bá àjèjì ṣe ni, ẹ sì yege, torí ẹ gbé e mì.

Ẹ tún máa gbọ́ irú ẹ̀ lóríṣiríṣi níbi iṣẹ́ yín, torí àwọn èèyàn yẹn máa ń fi ikú sínú ọ̀rọ̀ tí ò kan ikú rárá. Tó bá rẹ̀ wọ́n gan-an, wọ́n á ní àwọn jẹ́ dødtræt. Fíìmù tí ò dùn, dødsyg ni. Ẹ má jẹ́ kó máa já yín láyà. Tó bá tún gbé súìtì yẹn wá, ẹ gbé kan jù sẹ́nu, kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀ kẹ́ ẹ ní "jeg overlevede", mo yè é. Ẹ máa rí i bó ṣe máa rẹ́rìn-ín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ojúmọ́. Mo ń múra ìdánwò Prøve i Dansk 3 lọ́wọ́, mo wá rí dødsforagt nínú ìwé kan, mo lò ó nínú àròkọ mi, mo kọ ọ́ báyìí, "døds foragt", tíṣà fi pupa yí i po. Mo tún kà á sókè ní kíláàsì, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Ẹ bá mi tún un ṣe. *(Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Odense)*

ÌDÁHÙN: Àbúrò, tíṣà ẹ ò jẹ̀bi. Lédè Dẹ́nmárkì, tó o bá ti so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ di ọ̀kan, o ò gbọ́dọ̀ fi àyè sáàárín wọn mọ́, ì báà gùn títí dé òdì kejì ìwé. Àṣìṣe tó o ṣe yẹn lórúkọ, særskrivning, àwọn ọmọ onílẹ̀ gan-an ń ṣe é lójoojúmọ́, àwọn àgbà wọn sì máa ń ráhùn pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń kó bá àwọn ọmọ. Má sì rò pé ojú lásán ni wọ́n ń ṣe o, ó máa ń yí ìtumọ̀ padà. En dansklærer ni ẹni tó ń kọ́ èèyàn lédè Dẹ́nmárkì, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ará Brazil. En dansk lærer ni tíṣà tó jẹ́ ọmọ Dẹ́nmárkì, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ìṣirò ló ń kọ́ wọn. Àyè kékeré báyìí ló dá gbogbo ìyẹn sílẹ̀.

Ti pípè: ø yẹn, ṣe bí ẹni fẹ́ pe "é", kó o wá ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ súfèé. Lẹ́tà d tó tẹ̀ lé e kì í ṣe d tá a mọ̀, ahọ́n ò ní lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, ṣe ló máa dùbúlẹ̀ sẹ́yìn eyín ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ àjèjì ló máa ń gbọ́ ọ bíi l. Kó o wá tẹ ohùn mọ́ døds, kó o má tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìparí. Tó o bá ń wá ọ̀rọ̀ tó fi ø bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀, má wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà o, ìparí alífábẹ́ẹ̀tì ló wà, lẹ́yìn z ni æ, ø àti å tò sí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kò ní ọ̀pọ̀. Tó o bá fẹ́ fi pọ́n èèyàn, dødsforagtende ni wàá lò, bíi en dødsforagtende målmand, gólì tí ò ka ikú sí. Tó o bá sì rí i pẹ̀lú D ńlá nínú ìwé àtijọ́, kì í ṣe àṣìṣe, kó tó di 1948 lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ bíi tàwọn ará Jámánì, ọdún yẹn ni wọ́n pa á tì, ọdún yẹn náà ni wọ́n mú å wọlé dípò aa. Ìwé àkọtọ́ tíjọba ń tẹ̀ lé lónìí ni Retskrivningsordbogen tí Dansk Sprognævn, ìgbìmọ̀ èdè wọn, ń ṣe. Ìyẹn ni kó o máa yẹ̀ wò kó o tó fi àròkọ sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ọmọ wa, mo wá kí ọmọ mi ní Copenhagen, mo wá ń gbọ́ tí òun àti ọkọ ẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ dødsforagt yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́, ọkọ ẹ̀ ní àmì akọni ni, pé àwọn baba ńlá òun ò bẹ̀rù ikú. Èmi ò gbà. Àwa náà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àmọ́ a ò ní kéèyàn máa fojú di ikú láìnídìí. Ṣé òótọ́ ni pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ làwọn baba ńlá wọn? Àbí ìwà òmùgọ̀ ni wọ́n fún lórúkọ tó dùn? *(Bàbá kan tó wà lálejò)*

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ ṣeun. Ọkọ ọmọ yín ò parọ́, ẹ̀yin náà ò jẹ̀bi, mo sì máa gbè sẹ́yìn yín díẹ̀.

Àwọn baba ńlá yẹn lóòótọ́ ní orúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1075, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Adam, ará Bremen ní Jámánì, kọ̀wé nípa àwọn ìlú àríwá, ohun tó sì kọ nípa àwọn ará Dẹ́nmárkì ni pé ìyà méjì péré ni wọ́n ní fún ọ̀daràn, kí wọ́n fi àáké bẹ́ ẹ lórí tàbí kí wọ́n sọ ọ́ dẹrú, àti pé ohun iyì ni fún ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi pé kó máa dunnú. Ó ní wọ́n kórìíra omijé débi pé wọn kì í sunkún ẹ̀ṣẹ̀ wọn, wọn kì í sì í sunkún òkú wọn. Ẹ rántí pé àjèjì ló ń sọ̀rọ̀ o, àlùfáà tó bà nínú jẹ́ pé wọn ò ronú pìwà dà bó ṣe fẹ́.

Saxo Grammaticus ti wá jẹ́ ọmọ Dẹ́nmárkì fúnra ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1200 ló kọ ìtàn ilẹ̀ wọn lédè Látìn, ibẹ̀ ni jagunjagun kan tó ń jẹ́ Agner ti fi ẹ̀rín kú nígbà tí Bjarke pa á. Èyí tí wọ́n kọ ní Iceland nípa àwọn Jomsviking, ẹgbẹ́ jagunjagun ojú òkun kan láyé àtijọ́, tún wá le jùyẹn lọ. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, wọ́n tò wọ́n sílẹ̀, wọ́n ń bẹ́ wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí irun ẹ̀ gùn wá ní kẹ́nì kan bá òun di irun mú kí ẹ̀jẹ̀ má bàa bà á jẹ́, bí irin ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló fa orí ẹ̀ sẹ́yìn, ọwọ́ ẹni tó di irun mú ni wọ́n gé bọ́ sílẹ̀. Ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n sì dá ẹ̀mí ẹ̀ sí. Ìtàn yẹn dùn mọ́ mi gan-an ni, mi ò kàn gbà pé ó ṣẹlẹ̀ ni.

Ẹ wò ó, nínú gbogbo èyí, ẹlòmíì ló ń ròyìn. Ẹni tó kú ò sọ pé òun fojú tẹ́ńbẹ́lú ikú, àwọn tó wà láàyè, tí wọ́n jókòó síbi tó móoru, ló sọ ọ́ fún un. Ohun témi rí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: ọ̀rọ̀ òǹwòran ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní "èmi ní dødsforagt" láìfi ṣeré, àwọn ará Dẹ́nmárkì fúnra wọn máa fi í rẹ́rìn-ín, torí wọn ò fẹ́ràn ẹni tó ń yin ara ẹ̀.

Òǹwòran yẹn náà ló sì ń dájọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún òmùgọ̀ tẹ́ ẹ sọ yẹn, dumdristig, dum ni òmùgọ̀, dristig ni ẹni tó láyà. Ta ló máa wá sọ èyí tó tọ́ sí èèyàn? Ẹ wo Tordenskjold, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú òkun. Peter Wessel lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, wọ́n bí i ní Trondheim ní Nọ́wè ní 1690, nígbà tí ọba kan náà ń jẹ lórí Nọ́wè àti Dẹ́nmárkì. Ní 1714 ó bá ọkọ̀ ogun kan tó lágbára jù tiẹ̀ lọ jà lójú òkun, wọ́n ń yìnbọn fúnra wọn títí ẹ̀tù fi tán lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó rán èèyàn sí ọ̀gá ọkọ̀ kejì pé òun dúpẹ́ fún ìjà tó dáa, àti pé ṣé ó lè yá òun ní ẹ̀tù díẹ̀ kí àwọn lè máa bá a lọ! Ìyẹn ò yá a, àmọ́ wọ́n jọ gbé ife sókè kíra wọn kí oníkálukú tó bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tó padà dé Copenhagen, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ológun torí pé ó sọ àṣírí fún ọ̀tá pé ẹ̀tù ti tán lọ́wọ́ òun, pé ó fi ọkọ̀ ọba sínú ewu. Wọ́n dá a láre, kò sì pẹ́ tí wọ́n gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Lónìí akọni ni, ère ẹ̀ wà káàkiri. Ká ní wọ́n dá a lẹ́bi lọ́jọ́ yẹn ni, dumdristig là bá máa kà nípa ẹ̀, ìwà kan náà, ọkùnrin kan náà. Òkun ò sì pa á, ìjà ẹlẹ́ni méjì ló pa á ní 1720, ẹni ọgbọ̀n ọdún, lórí ọ̀rọ̀ tí ò tó nǹkan. Ibẹ̀ lèmi ti ń gbè sẹ́yìn yín, bàbá.

Àmọ́ àwọn kan wà tí mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí. Anders Lassen, ọmọ Dẹ́nmárkì tó wà lára àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ẹni ọdún 24, ó kú ní Comacchio ní Ítálì ní April 9, 1945, ọdún márùn-ún géérégé lẹ́yìn ọjọ́ tí Jámánì wọ ilẹ̀ bàbá ẹ̀. Ó lọ dojú kọ àwọn tó ń yìnbọn, ó pa ẹnu ìbọn wọn mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni wọ́n fún un ní Victoria Cross, àmì ìgboyà tó ga jù lọ lọ́dọ̀ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, òun nìkan ni ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ìlú abẹ́ ẹ̀ tó gba àmì yẹn nínú ogun àgbáyé kejì.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni Jørgen Brønlund, ọmọ Greenland, kì í tiẹ̀ ṣe jagunjagun, olùkọ́ ni níjọ. Ó bá àwọn tí Mylius-Erichsen kó lọ sí apá àríwá ìlà oòrùn Greenland lọ, ìrìn àjò ọdún 1906 sí 1908, wọ́n fẹ́ ya máàpù etíkun tẹ́nì kankan ò tíì yà. Ní 1907, òun àti Mylius-Erichsen àti Høeg Hagen tó ń ya máàpù há sínú òtútù, oúnjẹ tán, bàtà já, òòrùn ti lọ fún ìgbà òtútù. Hagen kú láàárín oṣù November, Mylius-Erichsen tẹ̀ lé e lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Brønlund wá dá nìkan rìn nínú òkùnkùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti kú, títí ó fi débi tí wọ́n kó oúnjẹ pa mọ́ sí ní Lambert Land, torí ó mọ̀ pé ibẹ̀ làwọn tó bá ń wá wọn máa kọ́kọ́ yà sí. Ó kó máàpù Hagen dé ibẹ̀. Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé òun dé pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ òṣùpá tó ń lọ sílẹ̀, pé òun ò lè rìn mọ́ torí òtútù ti mú ẹsẹ̀ òun àti torí òkùnkùn, ó kọ ibi tí òkú àwọn yòókù wà, ó kọ ọjọ́ tí wọ́n kú, ó fọwọ́ sí i. Ó parí. Kò sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀, kò yá ẹ̀tù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní March 1908 ni Koch àti Tobias Gabrielsen, àwọn tí wọ́n jọ lọ ìrìn àjò náà, rí i, máàpù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Òkú àwọn méjì yòókù, wọn ò rí i di bí a ṣe ń wí yìí.

Ẹ sọ ti Brønlund yìí fún ọkọ ọmọ yín tẹ́ ẹ bá tún jókòó, ó ṣeé ṣe kó mọ Tordenskjold dáadáa kó má mọ èyí.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ kú, atukọ̀ ni láyé ìgbà kan, ọ̀gá mi máa ń sọ ìtàn ìjì tó là kọjá. A fẹ́ kọ káàdì, mo fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó fi dødsforagt gbé ayé ẹ̀. Ó dáa àbí kò dáa? *(Aalborg)*

ÌDÁHÙN: Kò dáa o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́. Ẹ ti rí i lókè pé ẹ̀fẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára jù, ẹni tí bàbá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ò gbọ́dọ̀ ṣí káàdì kó wá máa rò ó bóyá ẹ ń ṣeré ni. Ẹ̀ẹ̀kejì, "død" tó wà nínú ẹ̀ ni ojú ẹ̀ máa kọ́kọ́ bà lé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mẹ́nu kan ìgboyà bàbá náà, mod ni ìgboyà, ẹ kọ "han var et modigt menneske", èèyàn tó láyà ni, ó tó. Tẹ́ ẹ ò bá mọ bàbá náà rí, ẹ fi ti ìgboyà sílẹ̀ pátápátá, ẹ kọ "jeg tænker på jer", mò ń ro tiyín, kẹ́ ẹ kọ orúkọ yín sísàlẹ̀. Ṣókí ni wọ́n máa ń kọ ọ́ níbẹ̀, wọn ò ní kà á sí àfojúdi.